Èèwọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ́ Ara

Oṣù Kìíní, ní ìlú Kuopio,
adágún ti di òkúta, mọ́tò ń sáré lórí omi.
Igi kóífù dúró níhòòhò nínú yìnyín,
eèpo rẹ̀ funfun, ẹ̀ka rẹ̀ gbẹ,
kò léwé, kò ní lẹ́búlẹ́bú kankan
tí afẹ́fẹ́ lè gbé wọ imú ẹnikẹ́ni.
Síbẹ̀, ìyá Aulikki sín.
Ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó sín lẹ́ẹ̀méje,
ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà nínú rẹ̀,
nítorí kàlẹ́ńdà tuntun tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri:
àwòrán igbó kóífù nínú oṣù Karùn-ún.

Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dùbúlẹ̀.
"Màmá àgbà ń sá fún bébà!"
Aulikki nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.
Ó fa bírò yọ, ó kọ ọjọ́ àti aago
sẹ́yìn bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì dúdú.

Ta ló fi èèwọ̀ lé ara lọ́wọ́?
Èèwọ̀ ìdílé, bàbá ní í sọ ọ́ fọ́mọ:
a kì í jẹ èyí, a kì í pa tọ̀hún.
Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ara, ara ló dá a fúnra rẹ̀,
kò bi wá, kò kìlọ̀,
ọjọ́ tá a bá jẹ ẹ́ la tó ń mọ̀ pé ó wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Törmänen fọwọ́ ra irùngbọ̀n:
"Inú ẹ̀jẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí wà, Aulikki.
Ẹ̀ṣọ́ ara rí àlejò, ó pè é lólè, ó da oró sílẹ̀.
Kí ló kan iṣan ìmọ̀lára níbẹ̀?"
Kò bá a jiyàn. Ó lọ ra eku.

Ọdún mẹ́fà.
Eku funfun mọ́kàndínlógún, yàrá tí kò ní fèrèsé,
ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí òórùn rẹ̀ ń bá a délé.
Ó fún wọn ní lẹ́búlẹ́bú kóífù pẹ̀lú òórùn ọsàn,
wọ́n sín.
Ó tún fún wọn, wọ́n tún sín.
Lọ́jọ́ kan ó fi lẹ́búlẹ́bú pamọ́,
òórùn ọsàn nìkan ló tú sílẹ̀ nínú àgò.
Wọ́n sín, àfi eku kẹrìnlá
tó jókòó, tó ń fọ ojú bí ẹni tí kò gbọ́.
Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.
Ta wá ló sá?
Ẹ̀jẹ̀ kò ní imú. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ ọsàn.

Lóru ọjọ́ kan ó tẹ ojú mọ́ maikirosikóòpù,
ó sì rí wọn:
ẹ̀ṣọ́ ara, ikùn rẹ̀ kún fún oró,
ó fara ti iṣan ìmọ̀lára tín-ín-rín
bí aládùúgbò méjì tí ọgbà kan pààlà wọn,
tí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì á ní "pẹ̀lẹ́ o".
Èyí sọ fún tọ̀hún, tọ̀hún gbé e dé ọpọlọ,
ọpọlọ rántí, ó rán iṣẹ́ padà;
kí àlejò tó kan ilẹ̀kùn, igbe ti ta.

Aulikki kò pe ẹnikẹ́ni.
Kọfí rẹ̀ tutù.
Níta, ẹ̀rọ kan ń ha yìnyín kúrò lójú títì.
Eku kẹrìnlá ṣì ń dà á láàmú.

Nígbà tó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀,
ìyá gbé ife kalẹ̀:
"Ṣé pé irọ́ ni mò ń pa láti ọjọ́ yìí?"
"Rárá, Màmá. Ara yín ló ń rántí ju bó ṣe yẹ lọ."
Ìyá dákẹ́. Ó wo kàlẹ́ńdà àtijọ́ náà
tí kò sẹ́ni tó rántí yọ.
"Oṣù Karùn-ún ni bàbá rẹ kú," ló wí,
"abẹ́ kóífù la sin ín sí."

Aulikki wá bírò nínú àpò, ọwọ́ rẹ̀ bà á,
ó fi í síbẹ̀.
Ìyá dìde, ó yí ojú kàlẹ́ńdà sí ògiri,
ó padà wá jókòó,
ó sín.